Ilá Tí Òkété Kò Fẹ́ Ká

Ẹ sún mọ́ mi. Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó bá Òkété nídìí ilá.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Òkété sáré gbin ilá. Oòrùn padà dé, ó jó o gbẹ. Ó tún gbìn, adìẹ ṣà á jẹ. Ó gbìn ín lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ sọgbà yí i ká. Ilá so, ó sì ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òkété, ká mi o.
*Ilá dé.*
Tó o bá ká mi, n ó tún so.
*Ilá dé.*
Tó o bá fi mí sílẹ̀, n ó gbó.
*Ilá dé.*

Ìgbín aládùúgbò rẹ̀ gbọ́ orin náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ ká a o. Ẹ fún èmi náà ní díẹ̀ fi se ọbẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo mọ ohun tí ojú mi rí kó tó so? Jẹ́ kó pọ̀ ná."

Ní gbogbo ìgbà yẹn, epo lásán ni àwọn ọmọ Òkété fi ń jẹ iṣu.

Lọ́jọ́ tó gbé ọ̀bẹ lọ, ilá ti le bí igi. Kò yọ òdòdó mọ́, kò sì kọrin mọ́. Òkété jókòó tì í títí. Nígbà tó dìde, ó bu irúgbìn inú rẹ̀, ó gbé e lọ fún Ìgbín.

"Gbin tìrẹ," ló wí. "Èmi náà á gbin tèmi. Bó o bá rí i pé tèmi so tí n kò ká a, má tọrọ. Wọlé wá ká a."

Bí mo bá purọ́ fún yín, kí ilá tí a ó jẹ lọ́la má fà.