Ajá Tí Òkété Rí He

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa, kí ẹ sún mọ́ra. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín yẹn, wàá sọ fún mi bóyá ẹ̀rín ni nígbà tí mo bá parí. Àlọ́ mi wọ inú ihò lọ, ó bá Òkété níbẹ̀, òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, àti Àkànjí, àbíkẹ́yìn wọn.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko inú igbó ní òfin kan: ohun tó bá sọnù kò gbọdọ̀ sun ilé ẹni tó rí i. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹni tó rí i a so ó mọ́ ìdí ìrókò. Ọ̀wàwà akéde a gun orí igi, a figbe ta, olóhun a sì wá mú ohun rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Òkété rí ajá ọdẹ kan tó ṣìnà. Ebi ti hàn án léèmọ̀, ẹ̀gún ti gún un lẹ́sẹ̀. Ṣaworo wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ṣaworo ajá ló ń gba ẹran inú ihò là. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, kálukú a bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Jìnnìjìnnì bo Òkété. Ṣùgbọ́n ọ̀kánjúà rẹ̀ ju ẹ̀rù rẹ̀ lọ. Ó so ajá mọ́ ẹ̀yìn ihò rẹ̀, ó fi òwú di ṣaworo lẹ́nu kí ọdẹ má baà gbọ́ ọ.

Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́: "Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ sídìí ìrókò. A bímọ sínú ilé yìí."

"Dákẹ́! Ẹyìn ọ̀fẹ́ ni mo rí yìí."

Ó bá kọjá sílé Ọ̀yà, ó ya ilé Ehoro. "Ajá ọdẹ ń bẹ lọ́dọ̀ mi. Ẹni tí kò bá ru ẹyìn wá fún mi, màá tú u sí i."

"Hà, Òkété! Àwa tá a jọ ń gbé!" ni Ọ̀yà wí.

"A jọ ń gbé ni mo ṣe kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ ru ẹyìn wá."

Wọ́n ń rù ú. Àwọn ọmọ Ehoro ò jáde ṣeré mọ́. Òkété ń jẹ ẹyìn, ó ń yó, ìhá lásán ló ń jù sí ajá. Ajá ò fẹnu kàn án. Ó kàn ń wo ẹnu ihò ṣáá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Òkété ru ẹyìn dé, okùn ló bá nílẹ̀. Ajá ti gé e jẹ. Ó dẹtí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ajá lè wà lẹ́yìn rẹ̀, ó lè wà níwájú, òun fúnra rẹ̀ ló fi òwú di ṣaworo! Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró ké nínú ihò: ajá ti wọlé tọ̀ wọ́n!

"Ajá, jáde! Jáde o!" Òkété ń pè é lẹ́nu ihò. Ajá ò dá a lóhùn. Orúkọ tí ọdẹ sọ ọ́ nìkan ló mọ̀. Òkété bá eré dé ìdí ìrókò tó wà nítòsí.

"Ọ̀wàwà, ẹ gbà mí! Ẹ bá mi kéde ajá tó sọnù!"

"Ta ló rí i?"

Ọ̀yà ti jáde. Ehoro náà ti yọjú. Ojú ti Òkété, ó wo ilẹ̀. "Ajá náà… ó kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ilé mi ni."

"Èmi kì í kéde irọ́," ni Ọ̀wàwà wí.

Àwẹ̀ró tún ké nínú ihò. Òkété bá jẹ́wọ́: "Èmi ni! Èmi ni mo rí i, èmi ni mo fi í pamọ́!"

Ọ̀wàwà bá gbé e lórin, ẹ bá mi gbè é:

Ajá ta ló nù o?
Kó wá mú un!
Ajá ọdẹ ló nù o!
Kó wá mú un!

Ọdẹ gbọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òwe là ń fi sọ ajá lórúkọ. Ó pè é: "Fi-tèmi-sílẹ̀! Fi-tèmi-sílẹ̀ o!"

Ajá gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó jáde nínú ihò, ó gba iwájú gbogbo wọn kọjá lọ bá olówó rẹ̀. Àkànjí wà lẹ́nu rẹ̀.

Àwẹ̀ró kó àwọn ọmọ tó kù jáde. Kò sunkún. Ó ní, "Inú ihò ni mo wà tí mò ń gbọ́ yín. Nígbà tí Ọ̀wàwà bi yín léèrè, kí ló dé tí ẹ kọ́kọ́ purọ́?"



Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ. Bí ẹ bá rí ajá tó ṣìnà, ẹ má bi ara yín pé kí lẹ máa rí jẹ níbẹ̀. Ẹ fún un lómi, ẹ kéde rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹni tó gbé ohun olóhun pamọ́ sílé, ọmọ ara rẹ̀ ló fi ṣòfò.