Òkú Tí Èèrà Gbé Wálé

Wọ́n ti gbé òkú náà dé ẹnu ilẹ̀kùn kí aṣọ́nà tó ní kí wọ́n dúró. Èèrà mẹ́fà ló gbé e. Èéhù kan ti yọ láti ẹ̀yìn ọrùn òkú, ó gùn ju òkú fúnra rẹ̀ lọ.

"Kí lẹ gbé wá yìí?" Ìṣọ́lá aṣọ́nà bi wọ́n.

"Àwẹ̀ró ni."

"Àwẹ̀ró tí mo mọ̀ kì í ṣe iṣu."

"Bó o bá ti ṣẹ̀fẹ̀ tán, bá wa di orí rẹ̀ mú. Ó wúwo."

Ó di orí rẹ̀ mú. Wọ́n gbé e wọlé.

Bẹ́ẹ̀, a ti kìlọ̀ fún wọn. Ohun-tó-wọlé-tí-kò-kanlẹ̀kùn, awo inú igi. Agunwé-má-sọ̀, awo etí odò. Àwọn ló dá Ifá fún Yèyé Èèrà, ìyá gbogbo ilé, nígbà tí Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ jáde lọ́sàn-án gangan tí kò padà. Abẹ́ ewé kan ni wọ́n ti rí i. Ó fi ẹnu há eegun ewé, ó ti kú. Kò sẹ́ni tó lé e dé ibẹ̀.

Àwọn awo ní olú kan, irú èyí tó ń hù lára òkú igi, ló pa á. Olú náà ti ń hù nínú rẹ̀ kó tó jáde nílé. Àwẹ̀ró ni ẹṣin, olú ló gùn ún. Kí Yèyé rú oyin. Kó rú obì. Kó sì fi òkú sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹnikẹ́ni má kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Yèyé rú oyin. Ó rú obì. Ó kọ ìkẹta.

"Ẹ̀yin baba, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nílé wa, òkú ẹni kì í sùn sí ìgbẹ́. Kí ni kí n sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀?"

"Sọ fún wọn pé kí wọ́n wà láàyè," ni awo wí.

Ó rán àwọn mẹ́fà. Wọ́n tẹ́ Àwẹ̀ró sí yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká oúnjẹ. Ní ọjọ́ kẹta, orí èéhù náà là. Eruku rẹ̀ dà sílẹ̀ bí èlùbọ́. Kò pariwo.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà dìde nídìí oúnjẹ. Ó ń rìn tàgétàgé bí ọ̀mùtí.

"Níbo lò ń lọ?" ni àwọn yòókù bi í.

"Mi ò mọ̀," ló wí. Ó sì ń lọ.

Wọ́n dì í lẹ́sẹ̀ mú. Ó fa ara rẹ̀ já. Ẹsẹ̀ kan kù sí wọn lẹ́nu, ó fi márùn-ún tó kù gun igi. Àwọn márùn-ún tó bá a gbé òkú náà dìde tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti so rọ̀ lábẹ́ ewé, gíga kan náà ni gbogbo wọn wà. Yèyé wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó padà sọ́dọ̀ awo. Wọn kò bá a wí. Wọ́n ní ilé náà lẹbọ báyìí: kó fi í sílẹ̀, kí ẹni tó fọwọ́ kan òkú tàbí tó sùn nítòsí eruku rẹ̀ má tẹ̀ lé e.

Yèyé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sọ ọ́ fún gbogbo ilé.

"Yèyé, èmi ni mo di orí rẹ̀ mú," ni Ìṣọ́lá wí.

"Ó lè má sí lára rẹ."

"Bó bá wà ńkọ́?"

Yèyé sún mọ́ ọn, Ìṣọ́lá sún sẹ́yìn.

"Ẹ máa lọ," ni Ìṣọ́lá wí. "Ilé kì í wà láìní aṣọ́nà." Ó padà wọlé. Àwọn tó mọ̀ pé àwọn ti fọwọ́ kan òkú tàbí pé àwọn sùn nítòsí eruku náà tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pọ̀. Ó fi amọ̀ dí ilẹ̀kùn láti inú.

Yèyé kọjá sí òdìkejì odò. Kò sí ẹni tó gun ewé mọ́. Ó tún bímọ, àwọn ọmọ náà yè.

Àwọn awo ní ẹni tó rú ẹbọ tó fi ìmọ̀ràn sílẹ̀, ìdajì ẹbọ ló rú. Ikú yóò gba ìdajì kejì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rú u pé, tó sì gbọ́ràn, òun nire ń bá délé.

Èèrà ilé náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ogójì ló bá Yèyé dé òdìkejì odò.