Efúnyẹmí San Owó Idà

"Ẹgbàajì owó ẹyọ ni, n ò ní dín ẹyọ kan níbẹ̀. Ẹ sáà sọ ẹni tó máa san án, kí n mọ ẹni tó rán mi níṣẹ́."

Ògúndélé tó ń bẹ́ orí ọ̀daràn ní Ìdó-Àpáta ló wí bẹ́ẹ̀, ó gbé idà lé itan, ó jókòó.

Bámgbádé, olórí àwọn oníyọ̀, ní, "Àbúrò mi ni ọmọ yín pa. Ṣé èmi ni n ó tún sanwó?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí ọmọ náà kú," ni àwọn àgbà ìlú dá a lóhùn. "Ẹni tó ra ọjà ló ń sanwó ọjà."

Kì í ṣe pé owó wọ́n wọn o. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá san owó idà ló ni ikú yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹbí òkú á ti máa béèrè èèyàn wọn, títí dé ọmọ-ọmọ. Bẹ́ẹ̀ orí àpáta ni ìlú wà, wọn ò ní oko, ọjà iyọ̀ ni wọ́n fi ń jẹun, iyọ̀ ò sì tíì wọ̀lú láti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Bámgbádé ti búra: bí oòrùn bá wọ̀ tí orí ò bọ́, ọ̀nà mìíràn làwọn oníyọ̀ máa gbà títí ayé.

Àdìgún, apànìyàn náà tí wọ́n dè mọ́ igi, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ná an dáadáa. Orí yìí ò tó ẹgbàajì."

Efúnyẹmí ò rẹ́rìn-ín. Efúnyẹmí afọwọ́-họ-àpáta-dilé, obìnrin tó kó èèyàn mọ́kànlá jáde nínú ogun, tó tẹ ìlú dó síbi tí ẹkùn ń sùn. Òun ni Baálẹ̀. Òun náà ló bí Àdìgún. Ó mọ̀ pé bí òun bá bẹ̀bẹ̀, àwọn àgbà á gbà. Ó sì mọ iye ilé tí wọn ò ti dáná oúnjẹ láti àná. Ó dìde.

"Ògúndélé, dìde. Èmi ni mo máa san án."

"Ìyá, ọmọ yín mà ni," ni Ògúndélé wí.

"Èmi ni mo san owó ilà ojú rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá san eléyìí, ìjà ò ní tán. Bí mo bá san án, ọwọ́ ta ni wọ́n máa ti béèrè rẹ̀?"

Bámgbádé yà lọ́nà fún un. Efúnyẹmí súnmọ́ igi, ó fi etí ìró nu ojú ọmọ rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́ tó o fi pa á?"

"Mo ní kó bù mí ní ènì iyọ̀. Ó kọ̀."

"Nítorí ènì?"

"Nítorí ènì ni, Ìyá." Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ dúró síbi tí mo ti máa rí yín."

"N ò lọ ibì kankan."

Ó dúró. Kò bojú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ògúndélé gbé idà.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń béèrè ènì lórí iyọ̀ ní Ìdó-Àpáta, bí ọmọ Baálẹ̀ bá sì ṣẹ̀, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń san owó ìyà rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹ dé ibẹ̀, ẹ ó rí i.

Ògúndélé nu idà tán, kò lè wo ojú Efúnyẹmí. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí owó náà wà bẹ́ẹ̀."

"Ṣé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo bẹ̀ ọ́? Na ọwọ́ rẹ."

Ó na ọwọ́. Efúnyẹmí ka okùn owó ẹyọ, ogójì lórí okùn kan, lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò yára, títí ó fi pé ọgọ́rùn-ún okùn.