Ọ̀bọ Tó Gbá Ipa Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò, ó fò, ó bà lé Ọ̀bọ léjìká, níbi tó ti ń fọ́nnu fún ìyàwó rẹ̀.

"Ipa ẹsẹ̀ ní í tú àṣírí olè. Èmi máa ń gbá tèmi. Kò sẹ́ni tó lè mú mi láyé yìí!"

"Baálé mi, ẹ ò ṣe kúkú wá iṣẹ́ ṣe?"

"Iṣẹ́ náà nìyẹn."

Erin, ọba igbó, tọ́jú oyin sínú igbá ọlọ́mọrí. Ọyẹ́ ti dé, ikọ́ àwọn ọmọdé ló tọ́jú rẹ̀ fún. Nígbà tí ará ilé lọ sódò, Ọ̀bọ wọlé. Ó lá oyin tán, ó dé igbá padà, ó gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá fi igi ṣóńṣó ya ipa ẹsẹ̀ Òkété sílẹ̀, láti ìdí igbá dé ẹnu ihò Òkété. Ká ní ó fara balẹ̀ báyẹn dáko ni, ì bá ti lówó.

Ará ilé dé, oyin ti tán. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n rí ipa ẹsẹ̀ Òkété. Erin ní kí Òkété kó ọmọ rẹ̀ kúrò nínú igbó. Àwọn ọmọ náà ò tíì lajú. Òkété bú sórin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ wò mí lọ́wọ́ o,
*Tẹ̀rẹ̀ǹtẹ́n.*
Èmi kọ́ ló lá a o,
*Tẹ̀rẹ̀ǹtẹ́n.*
Ọyẹ́ á pa mí lọ́mọ,
*Tẹ̀rẹ̀ǹtẹ́n.*

Agẹmọ, tí í fi ojú kan wo ọ̀tún, tí í fi ìkejì wo òsì, ní: "Kábíyèsí, ó ní ká wo ọwọ́. Ẹsẹ̀ nìkan la wò."

"Ṣé ọwọ́ lolè fi rìn wọlé ni?" ni Ọ̀bọ wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Agẹmọ ò rẹ́rìn-ín. Ó bu eérú kúnná, ó fẹ́ ẹ sára ọmọrí igbá: fùú! Ibi tí ìka olóyin ti kàn án, eérú lẹ̀ mọ́ ọn. Ìka márùn-ún yọ, ilà róbótó nínú ilà róbótó. Òkété tẹ ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ó kéré jù. Ìnàkí tẹ tirẹ̀: ó tóbi jù. Aáyá, ìbátan Ọ̀bọ, tẹ tirẹ̀: ìwọ̀n kan náà ni, àmọ́ ilà tirẹ̀ wọ́ gba ibòmíràn.

Ọ̀bọ ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ ha òkúta lẹ́yìn wọn. Awọ bó. Ilà ò lọ.

"Ó ku ìwọ, Ọ̀bọ."

"Ọwọ́ ń dùn mí."

"Pẹ̀lẹ́. Rọra tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ilà kan tó yẹ̀.

Erin yíjú sí Òkété. "Ìyá ọmọ, ẹ má bínú. Ẹ gbé àwọn ọmọ wọlé, atẹ́gùn ń fẹ́." Wọ́n ní kí Ọ̀bọ lọ wá oyin mìíràn. Pẹ̀lú ọwọ́ bíbó yẹn ló fi wọ ihò igi lọ bá àwọn oyin fúnra wọn.

Àwọn ọlọ́pàá gbọ́ ọgbọ́n yìí. Wọ́n ń fi ìyẹ̀fun wá ìtẹ̀ka lára ilẹ̀kùn tí olè já, wọn ò sì dárúkọ Agẹmọ. Ọ̀bọ ní tirẹ̀, ẹ na ẹ̀pà sí i lónìí: kó tó gbà á, á kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á wò ó pẹ́.

Ibi tí wọ́n pa á dé fún mi nìyí. N kò bù mọ́ ọn, n kò yọ níbẹ̀.