Báàfù Ológbò Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ rírán. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ó ti ń ránṣọ, aṣọ àwọn oníbàárà a sì máa ga dé ìbàdí níbi tí ó kó wọn jọ sí. Nítorí eku ni ó ṣe ń sin ológbò. Ológbò náà funfun, etí rẹ̀ kan dúdú, kò sì sí eku tó jẹ́ yọjú níbi tó bá wà.

Ẹni mẹ́ta ní ń gbé ilé náà: télọ̀ fúnra rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tí ó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Ìyá ni télọ̀ ń pè é. Ìyá yìí ló ń tọ́jú ológbò. Báàfù ògbólógbòó kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, yanrìn odò ló wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ológbò ti ń yàgbẹ́, ibẹ̀ ló sì ti ń tọ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ìyá á da yanrìn àtijọ́ nù, á jọ̀ tuntun, á dà á sí i. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ pé ó ń ṣe é. Iṣẹ́ àgbà nínú ilé kì í hàn, àfi lọ́jọ́ tí wọn kò bá ṣe é.

Ìyàwó télọ̀ lóyún oṣù mẹ́fà. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú èyí, nítorí náà ẹ̀rù ló ń bá ọkùnrin náà jí láràárọ̀. Bí ìyàwó bá wúkọ́, abẹ́rẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ nílé ìwẹ̀, á lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á máa díbọ́n bí ẹni tó ń wá bàtà. Má fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Òjò àrọ̀kúrò dé, orúnkún dá ìyá dùbúlẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́wàá kò lè bẹ̀rẹ̀, kò sì lè nàró dáadáa. Télọ̀ ra oògùn, ìyàwó rẹ̀ ń fi omi gbígbóná jó orúnkún náà, wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí báàfù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá, télọ̀ gbọ́wọ́ lé ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀, ó bá a ní tútù. Ó fi ọwọ́ náà símú. Ìtọ̀ ológbò ni.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ológbò nílẹ̀ yìí, bí ó bá sì di ọ̀rọ̀ aláboyún, ẹnu wa kì í gbé jẹ́ẹ́. Obìnrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún un wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó bá a níbi tó ti ń fọ ìrọ̀rí.

Obìnrin náà ní, "Bọ̀dá télọ̀, ológbò kì í déédéé tọ̀ sórí ibùsùn aláboyún o. Lẹ́sẹ̀ ta ló máa ń sùn nínú ilé yìí?"

Lẹ́sẹ̀ ìyá ni ológbò máa ń sùn, télọ̀ àti obìnrin olówùú náà sì mọ̀ ọ́n. Láti wákàtí yẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kan ti ń dún sí i létí: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó ń lé ọ̀rọ̀ náà lọ, ó ń padà wá. Ó rántí pé ìyá kò bímọ rí. Ó rántí pé ìyá ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ìyàwó òun lóyún, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Àwọn ohun tó ti fi ń yin ìyá tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rù wá ń kà sí i lọ́rùn.

Ó jáde, ó ra tùràrí, ó ra lọ́fíńdà. Ó ní báàfù yẹn ni nǹkan náà ti ń gba agbára. Ó da lọ́fíńdà sórí yanrìn, ó da iyọ̀ lé e, ó sì ń jó tùràrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀gbin ọjọ́ mẹ́wàá ṣì wà nísàlẹ̀ o, kò yọ ọ́. Òórùn dídùn ló dà lé e lórí.

Ológbò wá sídìí báàfù. Ó na imú, ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó padà sẹ́yìn. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló tọ̀ sínú bàtà télọ̀. Télọ̀ fi kún tùràrí. Ológbò tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Télọ̀ da ìgò lọ́fíńdà kejì sí báàfù. Bí ọkùnrin yìí ṣe ń ṣe é ni ológbò ń ṣe é, títí èéfín fi gba gbogbo ilé, tí ìyàwó ń wúkọ́, tí ìwúkọ́ náà sì ń dá kún ìjayà ọkọ rẹ̀.

Ó ń rán aṣọ kékeré mẹ́rin fún ọmọ tí wọ́n ń retí. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù kí ayé má bàa tètè gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó dé ìdí àpótí ibi tó kó wọn sí, ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó bá wọn ní rírin, òórùn náà sì gbá a lójú. Ó gba yàrá ìyá lọ, àwọn aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ máa gbé ilé baba wa fún ìgbà díẹ̀."

"Afẹ́fẹ́ ti ṣí òrùlé ibẹ̀ dé ìdajì."

"Màá tún un ṣe, mà."

Ìyá wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ojú náà sá. "O rò pé èmi ni," ni ìyá wí. Kò béèrè rẹ̀ bí ìbéèrè. Ó dìde pẹ̀lú orúnkún tí kò tíì san tán, ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé ológbò sínú agbọ̀n, ó sì lọ. Ìyàwó télọ̀ sunkún dé ìta. Télọ̀ sọ báàfù sẹ́yìn ilé, ó fọ ilẹ̀, ìtọ̀ sì dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i?" Ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìwọ á rò pé ẹ̀rù náà bá ìyá lọ. Rárá o. Ó ń bẹ̀rù nísinsìnyí pé ìyá á ṣépè fún òun. Ìbẹ̀rù yìí ni kò jẹ́ kó lọ tún òrùlé tó ṣèlérí rẹ̀ ṣe. Eku sì wọlé, wọ́n dá ihò sí aṣọ ìgbéyàwó tí oníbàárà kan yóò gbà ní Sátidé.

Ọyẹ́ dé, ìyàwó bí obìnrin, tìyá tọmọ yè. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Ìyá ìyàwó ti kú. Obìnrin olówùú wá lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọmọ náà sẹ́sẹ̀, ọmọ yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kí orí rẹ̀ lu etí garawa. Télọ̀ figbe ta. Ìyàwó rẹ̀ gba ọmọ, ó ní, "Lọ pe ìyá. Bí o kò bá lọ, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni màá fi lọ, bí mo ṣe wà yìí."

Ilé baba wọn wà ní ìpẹ̀kun kejì ìlú náà. Nígbà tí télọ̀ débẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó kígbe, "Ìyá!" Kò gbọ́ ohùn. Ó tún kígbe. Òrùlé ṣì wà bí afẹ́fẹ́ ṣe fi í sílẹ̀, ipa òjò sì wà lára ògiri títí dé ilẹ̀. Jìnnìjìnnì bò ó. Ó ti ń ronú ohun tí yóò sọ fún àwọn ẹbí, nígbà tí ológbò jáde láti abẹ́ àga. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó lọ sí kọ̀rọ̀, níbi tí ìdajì ìkòkò kan wà tí yanrìn kún inú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbẹ́ yanrìn, ó lóṣòó, ó tọ̀. Lẹ́yìn náà ó wa yanrìn bò ó mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì lọ.

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ìkòkò náà. Ìyá wọlé láti ẹ̀yìn, abọ́ tó ń fọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ta ló bá yín wò ó sàn?"

"Kò ṣàìsàn. Yanrìn rẹ̀ ló dọ̀tí nígbà tí mo dùbúlẹ̀. Mo ké sí ọ kí o bá mi dà á nù, o wà nídìí máṣínnì, o kò gbọ́. Kí n tó dìde, o ti da lọ́fíńdà sí i. Ẹran tó ń fi imú mọ ilé rẹ̀, o wá fẹ́ kó tọ̀ síbi tó ń ta á nímú?"

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"O ti ń bẹ̀rù mi nígbà yẹn. Bí mo bá sọ pé mo mọ ohun tó ń ṣe ológbò, kí ni ìwọ ìbá ti gbọ́?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní kí ìyá máa bọ̀ nílé. Ìyá ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù. Mo ti gbọ́, mo sì ti forí jì ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè sùn mọ́ nínú ilé tí wọ́n ti ń ka èémí mi. Máa gbé ọmọ wá. Èmi á máa wẹ̀ ẹ́ níbí."

Télọ̀ tún òrùlé ṣe lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ìyá kò padà. Títí ọmọ fi gbó, láràárọ̀ ni ọkùnrin yìí ń fi aṣọ méjì wé e, tó ń gbé e la ìlú já nínú ọyẹ́. Bí ọmọ náà bá sín, á tún aṣọ náà wé e. Bó bá dákẹ́ jù, á dúró lójú ọ̀nà, á gbé etí lé e láyà. Ọkùnrin tó lé ìyá jáde kí atẹ́gùn má bàa fẹ́ lu ọmọ rẹ̀, òun náà ló ń gbé ọmọ sínú atẹ́gùn.

Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, o ti sọ tìrẹ, mo ti gbọ́. O ní láti ìgbà tí gìrì ti ń mú ọmọ rẹ ni o kò ti jẹ oúnjẹ ìyá rẹ mọ́. O ní o ti rí àmì mẹ́ta. O wá bi mí pé ọjọ́ wo ló dára láti kó ẹrù rẹ̀ jáde.

N kò ní ọjọ́ kankan fún ọ. Ẹ̀rù rẹ kì í ṣe irọ́, ọmọ rẹ ń ṣàìsàn lóòótọ́. Gbé e lọ sílé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí o bá dé láti ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ, kí o wo báàfù tìrẹ. Kí o tó bi mí pé ta ló rán ológbò, kọ́kọ́ sọ fún mi: ìgbà wo ni o ti pààrọ̀ yanrìn?