Omi Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Ní Ìlápá, ìlú wa orí òkè, bí ẹnìkan bá ń fọ́nnu pé òun nìkan lòun dá nǹkan ṣe, wọ́n á ní, "Omi ẹsẹ̀ ìyàwó ló mọ ẹni tó gun òkè." Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti kúrò nílé. Bí mo bá pa òwe yìí níbí, ńṣe ni wọ́n ń wò mí lójú. Kí ló pa omi ẹsẹ̀ àti òkè pọ̀? Bí ìyá mi àgbà ṣe rò ó fún mi nìyí.

Ajíbóyè ló kọ́kọ́ ní kẹ̀kẹ́ ní Ìlápá. Owó kòkó ọdún mẹ́ta ló fi rà á. Nígbà tó fẹ́ gbé Ìbíyẹmí níyàwó láti Odò-Ẹ̀rọ̀ nísàlẹ̀, ó lérí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀:

"Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni ìyàwó mi máa jókòó sí délé. Bí ẹsẹ̀ mi bá kanlẹ̀ lójú ọ̀nà òkè, kẹ́ ẹ gba kẹ̀kẹ́."

"A gbọ́ o! A ó dúró dè ọ́ lókè."

Wọ́n mọ̀ pé bó bá sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò jẹ́wọ́. Afọ́nnu ni Ajíbóyè, kì í ṣe òpùrọ́.

Ọ̀nà òkè náà kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Àpáta wà lọ́tùn-ún, ọ̀gbun wà lósì. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn ti ṣubú. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Ìbíyẹmí jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ní kọ́nà kẹta, níbi tí amọ̀ pupa ti ń yọ̀ lẹ́yìn òjò, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń yẹ̀ lọ sétí ọ̀gbun. Ìbíyẹmí bọ́ bàtà, ó fi há abíyá, ó yọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó di irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, ó sì ń tì í.

"Ìbíyẹmí!" Ajíbóyè kígbe láìwẹ̀yìn. "Agbára ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lẹ́sẹ̀ ni! Ṣó o rí i?"

"Mo rí i, ọkọ mi," ni ìyàwó wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ ṣáà má wẹ̀yìn."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n yọ sókè, ìyàwó fò padà jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Àwọn ẹgbẹ́ hó yèè.

Ṣùgbọ́n nílé wa, ìyàwó kì í wọlé láìwẹ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Awẹ́, ìyálé ilé, gbé igbá omi wá, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ìyàwó, ó wẹ ẹsẹ̀ kan. Ló bá di pé omi pọ́n bí epo.

"Hẹ̀n-ẹn! Ìyàwó orí kẹ̀kẹ́, níbo lo ti tẹ amọ̀ òkè?"

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ẹsẹ̀ ọkọ mi kò kanlẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ gba kẹ̀kẹ́ wọn."

Ajíbóyè wo omi náà títí. "Àṣé agbára tó wọ̀ mí lẹ́sẹ̀ nù un!" Ó lóṣòó, ó gba igbá lọ́wọ́ Ìyá Awẹ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ kejì.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín títí. "Ó dáa, a ò gba kẹ̀kẹ́ mọ́."

"Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe tèmi mọ́ tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ fún mi," ni Ajíbóyè wí. "Ti Ìbíyẹmí ni."

Ìyá mi àgbà bá wọn láyé. Ó ní títí wọ́n fi darúgbó, bí wọ́n bá dé kọ́nà kẹta, àwọn méjèèjì ló ń sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí àwọn ará ibí bá ń yìn mí pé mo gbìyànjú láyé, ẹsẹ̀ ìyàwó mi ni mo máa ń wò. Omi ẹsẹ̀ ìyàwó ló mọ ẹni tó gun òkè.