Ogójì Páálí Títúùsì

“Ìdajì owó ni mo máa san, àbí kó o máa kó ẹja ẹ lọ!” Alájì Múfútáù, tó ni yàrá yìnyín tó tóbi jù ní Ìkìrun, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ Wùràọlá, tó kó ogójì páálí títúùsì wá láti Èkó. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ ẹja tó ń wọn bó ṣe tutù tó, tó sì ń fi iye ẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Alájì. 18 ni fóònù kọ. “Méjìdínlógún! Ooru nìyẹn, ẹja ti bàjẹ́!” Wùràọlá rí i pé Alájì ò fọwọ́ kan ẹja rárá, ló bá lọ wo ojú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀. 18- ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ náà máa ń kọ ìlà sí, ìlà yẹn ló sì ń sọ pé ó tutù ju òdo lọ. Àmọ́ àyè méjì péré ló wà lójú fóònù: ó gba 1, ó gba 8, ó ju ìlà nù. Wùràọlá gbé ẹ̀rọ wọ yàrá yìnyín Alájì níṣojú àwọn oníbàárà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, fóònù tún kọ 18. “Yéè, tiyín náà ti bàjẹ́! Alájì, mo ra gbogbo ẹ̀ ní ìdajì owó, ẹ̀yin lẹ ṣáà dá iye ẹ̀.” Oníbàárà méjì ti ń dá ẹja padà. “Ìyá ẹlẹ́ja, rọra sọ̀rọ̀! Fóònù ló ń jẹ ìlà, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.” “Ó ti pẹ́, ẹ sì mọ̀? Owó mi dà?” Alájì ka owó ogójì páálí lé e lọ́wọ́ pé. Wùràọlá tún un kà, ó sì ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè wò nínú oòrùn.